Ààrò Gáàsì Ẹ̀gbọ́n Mi ní Kubwa: Àkọsílẹ̀ Iná Tí Kò Ràn àti Kéèkì Tí Ń Rì

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ń ṣe búrẹ́dì àti kéèkì tà fún àwọn tí ń ṣe ayẹyẹ ní Kubwa níhìn-ín ní Abuja, ra ààrò gáàsì tòkunbọ̀ kan tí wọ́n kó wọlé láti Amẹ́ríkà. Ojú iná mẹ́rin ni ó wà lórí rẹ̀, ọ́fìnnì ńlá kan sì wà nísàlẹ̀ tí ó lè gba páànù kéèkì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti lò ó fún ọdún kan gbáko kí ó tó ké sí mi. Oníṣẹ́ kan ti wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú mi, ó sì gba owó lẹ́ẹ̀mejèèjì, síbẹ̀ ìṣòro náà kò kúrò. Mo kọ àkọsílẹ̀ yìí nítorí pé ọ̀pọ̀ ààrò irú èyí ni ó wà nílé àwọn ènìyàn wa ní Abuja àti Kàdúná, ohun tí ó sì ń ṣe wọ́n kì í sábà jẹ́ ohun tí a ń sọ pé ó ń ṣe wọ́n.

Ohun mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi kà fún mi. Ó ní gbogbo ìkòkò ni ó ń dúdú nídìí bí ẹni pé igi ni òun fi ń dáná. Ó ní ojú iná iwájú lápá ọ̀tún ń dún tá-tá-tá bí òun bá tẹ ọwọ́ ìyíná rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ràn àfi kí òun ṣáná sí i. Ẹ̀kẹta ni ó dùn ún jù, ìyẹn ni ti ọ́fìnnì. "Bàbá Dáre," ó ní, "bí mo bá jí ní aago márùn-ún ìdájí, yóò ràn. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi, n ó yí i títí, kò ní dá mi lóhùn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ yóò ràn, kéèkì yóò máa wú bọ̀ dáadáa, ìgbà tí n ó fi padà wò ó, ó ti rì láàárín, ọ́fìnnì ti kú." Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé mi gẹ́gẹ́ bí ó ṣe sọ ọ́. Mo kọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò fetí sí i tó, èyí sì ná wa ní ọ̀sẹ̀ kan àti owó ohun èlò kan tí a kò nílò.

Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́

Kí n tó tú ìdè kankan, ibi tí gáàsì ti ń bọ̀ ni mo kọ́kọ́ tọ̀. Sílíńdà kílò 12.5 dúró ti ẹ̀gbẹ́ ààrò nínú ilé ìdáná, róbà tí ó so ó mọ́ ààrò sì gba ẹ̀yìn ọ́fìnnì kọjá, níbi tí ooru ti ń yan án lójoojúmọ́. Mo po ọṣẹ mọ́ omi títí ó fi hó, mo sì fi kànìnkànìn pa á sí gbogbo ibi tí nǹkan ti so mọ́ nǹkan, láti orí sílíńdà dé ẹ̀yìn ààrò. Nídìí kílíìpù tí ó wà lẹ́yìn ààrò, ọṣẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ru wẹ́wẹ́ bí ẹnu akàn. Gáàsì ń jò níbẹ̀. Mo tẹ róbà náà, ó sì là ní ojú mẹ́ta lábẹ́ ìka mi, nítorí pé ooru ọ́fìnnì àti gbígbẹ ọyẹ́ ti sọ ọ́ di gbígbẹ ganrangan.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a ń yára kọjá. Gáàsì ìdáná inú sílíńdà, tí ó jẹ́ propane àti butane, wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ: propane wúwo tó ìlọ́po kan ààbọ̀ afẹ́fẹ́, butane sì wúwo tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá jò, kì í gòkè lọ bá fèrèsé. Ilẹ̀ ni ó ń rìn bí omi, yóò sì dùbúlẹ̀ sí kọ̀rọ̀ títí tí iná kan yóò fi kàn án. Ọṣẹ àti omi ni a fi ń wá a, a kì í fi ìṣáná wá a, ìbáà jẹ́ pé a ti rí ẹni tí ó ṣe é tí nǹkan kan kò sì ṣe é. Mo pa fáàfù sílíńdà, a ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó tan iná mànàmáná tàbí tí ó pa á títí òórùn náà fi lọ tán. Mo ra róbà gáàsì tuntun àti kílíìpù méjì, mo lu ihò sára ògiri, mo gbé sílíńdà bọ́ síta sábẹ́ ìbòòji, mo sì darí róbà náà gba ibi tí ooru ọ́fìnnì kò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo tún fi ọṣẹ pa gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò ru mọ́.

Nígbà náà ni mo tan ojú iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo sì jókòó tì wọ́n. Iná gáàsì tí ara rẹ̀ le a máa kúrú, a máa dúró ṣánṣán, àwọ̀ rẹ̀ a sì máa dà bí aró, pẹ̀lú ṣóńṣó kékeré kan tí ó túbọ̀ mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Èyí tí mo rí ga, ó ń jó wélewèle, ó sì pọ́n rúsúrúsú láti ìdí dé orí bí iná fìtílà. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni kókó wà. Bí ó bá jẹ́ ojú iná kan ṣoṣo ni ó ń pọ́n tàbí tí ó rọ, ara ojú iná yẹn ni a ó ti wá ìdí rẹ̀: ihò rẹ̀ lè ti dí, alántakùn lè ti hun òwú sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀, ìdérí rẹ̀ sì lè má jókòó dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń ṣe àìsàn kan náà, a jẹ́ pé ohun tí wọ́n jọ ń mu ni kò bá wọn lára mu. Oníṣẹ́ tí ó wá ṣáájú mi ti fi ìṣó gbẹ́ ihò ojú iná méjì, àmì rẹ̀ sì hàn lára irin. Ó wo ojú iná, kò wo ohun tí ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Mo gbé ìdérí kan kúrò, mo sì fi súpánà kékeré tú jẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn ẹnu idẹ tí gáàsì ń gbà jáde lábẹ́ ojú iná. Ihò rẹ̀ fẹ̀ ju mílímítà 1.4 lọ. Mo fa ààrò náà síwájú, mo sì wo régúlétọ̀ tirẹ̀, ìyẹn ohun tí ń díwọ̀n agbára tí gáàsì fi ń wọlé, tí ó wà lẹ́yìn nísàlẹ̀, tí ó yàtọ̀ sí ti orí sílíńdà. Lẹ́tà tí ó kọjú síta lára ìdérí rẹ̀ ni NAT, ìyẹn natural gas, gáàsì páìpù. Ohun tí mo ń wá nìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà, gáàsì tí ń gba páìpù abẹ́ ilẹ̀ wá sílé ni wọ́n fi ń dáná, methane ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tiwa tí ó wà nínú sílíńdà, propane àti butane ni. Bí a bá wọn méjèèjì sínú igbá kan náà, ooru tí ó wà nínú tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ààbọ̀ ti wọn. Igbá methane kan ń fẹ́ igbá afẹ́fẹ́ bíi 10 kí ó tó jóná tán, igbá propane kan sì ń fẹ́ bíi 24. Ààrò tí a kọ́ fún methane, tí a wá ń fún ní propane láti inú ẹnu gbàgàdà kan náà, dà bí ọmọ tí a ń rọ ẹ̀kọ sí lẹ́nu ju bí ó ṣe lè gbé e mì lọ: gáàsì pọ̀, afẹ́fẹ́ kò tó, èyí tí kò jóná tán á di dúdú sí ìdí ìkòkò. Dúdú yẹn gan-an kọ́ ni ó bà mí lẹ́rù jù. Iná tí afẹ́fẹ́ kò tó a máa tú carbon monoxide jáde, gáàsì olóró tí ń pa ènìyàn, tí kò ní òórùn tí kò sì ní àwọ̀, ní ilé ìdáná tí ẹ̀gbọ́n mi ń ti fèrèsé rẹ̀ pa nígbà ọyẹ́ nítorí eruku.

Mo ń ronú ibi tí n ó ti rí jẹ́ẹ̀tì tí ó yẹ, ni mo bá rántí pé àwọn tí ń ṣe irú ààrò yìí sábà máa ń kó jẹ́ẹ̀tì gáàsì sílíńdà mọ́ ọn láti ilé-iṣẹ́. Mo tú irin pẹlẹbẹ tí ó bo ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, mo tan iná síbẹ̀, mo sì rí àpò ọ̀rá kékeré kan tí a fi ìdè kan so mọ́ ara ààrò, jẹ́ẹ̀tì márùn-ún wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìtọ́sọ́nà tí a ká. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe ààrò náà ni ó ti wà níbẹ̀, ó bá a sọdá òkun, ó sì ti wà ní Kubwa fún odidi ọdún kan. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè kọ lọ.

Ìyípadà náà gba mí ní wákàtí méjì. Mo fi jẹ́ẹ̀tì tuntun sí ojú iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, olúkúlùkù sí ipò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ṣe wí, nítorí pé ojú iná ńlá àti kékeré kò lo ihò kan náà. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn kò tó mílímítà 1. Mo ṣí ìdérí régúlétọ̀ ààrò, mo yí i padà kí LP, ìyẹn ti gáàsì sílíńdà, lè kọjú síta, mo sì dì í padà. Ní ti ọ́fìnnì, jẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ kò nílò pípààrọ̀: fìlà idẹ kan ni ó wà lórí abẹ́rẹ́ kan, bí a bá sì ti fi súpánà dì í wálẹ̀ ní bí ìyípo méjì títí tí ó fi fara kan abẹ́rẹ́ náà, ihò kékeré inú abẹ́rẹ́ ni gáàsì yóò máa gbà. A kì í fi agbára dì í, nítorí pé idẹ rọ̀. Lẹ́yìn èyí mo ṣí fèrèsé afẹ́fẹ́ tí ó wà lọ́rùn páìpù ọ́fìnnì díẹ̀ sí i. Régúlétọ̀ orí sílíńdà jẹ́ ti mílíbà 30, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí gáàsì fi ń jáde, èyí sì bá a mu, n kò fọwọ́ kàn án.

Mo fọ gbogbo orí iná nínú omi gbígbóná àti ọṣẹ. Ẹni tí kò bá gbé apá Àríwá rí lè má mọ ohun tí eruku ọyẹ́ àti epo ń ṣe bí wọ́n bá pàdé lórí ààrò: wọ́n a di ẹrẹ̀ dúdú tí ó le bí ọ̀dà. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ni mo fi ṣí ihò orí iná, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ihò jẹ́ẹ̀tì ni a kò gbọdọ̀ fi abẹ́rẹ́ kàn rárá, nítorí pé bí ó bá fẹ̀ díẹ̀ péré, iye gáàsì tí ń jáde yóò yí padà. A ó fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i. Nígbà tí mo tún tan wọ́n, iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó bí òrùka aró. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ìkòkò funfun kan ka iná fún ìdajì wákàtí, ó sì fi aṣọ funfun nu ìdí rẹ̀. Aṣọ náà kò dúdú.

Ojú iná iwájú lápá ọ̀tún tí kò ràn kò gba àkókò púpọ̀. Mo ní kí wọ́n pa gílóòbù ilé ìdáná, mo sì tẹ ọwọ́ ìyíná. Nínú òkùnkùn, a rí i kedere pé àwọn mẹ́ta yòókù ń ta ẹ̀ta iná láti ṣóńṣó ọ̀pá ìṣẹ́ná wọn sí etí orí iná, níbi tí gáàsì ti ń jáde, ṣùgbọ́n ti èyí ń ta láti ìsàlẹ̀, láàárín ara tánganran tí ó bo ọ̀pá náà. Tánganran ọ̀hún ti sán bí irun, iná sì ti rí ọ̀nà àbùjá. Dídún tí ń dún kò túmọ̀ sí pé ó ń ṣẹ́ná níbi tí ó yẹ. Mo pààrọ̀ ọ̀pá náà, mo fi àlàfo bíi mílímítà 4 sílẹ̀ láàárín ṣóńṣó rẹ̀ àti etí orí iná, ó sì ràn ní ìgbà àkọ́kọ́.

Ọjọ́ Sátidé kejì

Ọ́fìnnì yìí kì í fi ẹ̀ta iná ràn bí ti orí ààrò. Ọ̀pá kan wà nídìí iná rẹ̀ tí a fi silicon carbide ṣe. Bí a bá yí ọ́fìnnì sí ooru tí a fẹ́, iná mànàmáná yóò gba inú ọ̀pá náà, yóò sì máa gbóná títí yóò fi pọ́n bí ẹ̀yin iná. Iná mànàmáná kan náà ni ó ń kọjá nínú fáàfù gáàsì, nítorí pé ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀pá àti fáàfù jọ wà, ọ̀kan tẹ̀lé ìkejì. Nínú fáàfù ni irin pẹlẹbẹ kan wà, tí a fi oríṣi irin méjì lẹ̀ pọ̀. Bí ó bá gbóná yóò tẹ̀, yóò sì ṣílẹ̀kùn fún gáàsì. Fún irú ọ̀pá pẹlẹbẹ tí ó wà nínú ọ́fìnnì yìí, iná náà gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí áńpù 3.2 sí 3.6 (áńpù ni a fi ń wọn bí iná tí ń kọjá ṣe pọ̀ tó) kí irin yẹn tó tẹ̀ dáadáa. Bí ọ̀pá bá ṣe ń gbóná sí i ni ó ń yọ̀ǹda iná púpọ̀ sí i, nítorí náà gáàsì kò níí jáde àfi bí ohun tí yóò ràn án bá ti gbóná tó. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó rò ó. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣi ènìyàn lọ́nà nínú rẹ̀ ni pé ọ̀pá lè pọ́n kí ojú rí i, síbẹ̀ kí iná tí ń gba inú rẹ̀ má tó ṣí fáàfù. Oníṣẹ́ àkọ́kọ́ rí ọ̀pá tí ó pọ́n, ó sì pinnu pé fáàfù ni ó bàjẹ́. Ó tilẹ̀ ti gba owó fáàfù tuntun sílẹ̀.

Ní aago méje ìrọ̀lẹ́, mo fi mítà tí ń la ẹnu gbá wáyà mú sára wáyà ọ̀pá náà, mo sì yí ọ́fìnnì síbi 350. Ọ̀pá pọ́n. Mítà ka áńpù 2.2. Mo dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, kò kọjá bẹ́ẹ̀, iná kò sì ràn. Ọ̀pá tí ó pẹ́ a máa le sí iná mànàmáná bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, nítorí náà mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ọ̀pá náà ti gbó. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ṣé ó dá ẹ lójú?" Mo ní ó dá mi lójú. A ra ọ̀pá tuntun. Mo yọ okùn iná ààrò kúrò lára ògiri, mo fi aṣọ mímọ́ di ọ̀pá tuntun náà mú nítorí pé òróró ìka ń ba á jẹ́, ara rẹ̀ sì ń tètè fọ́, mo dè é mọ́lẹ̀, mo sì so wáyà rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú ìdérí tánganran.

Ní aago méje ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mítà ka áńpù 2.3.

Mo jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná náà fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀pá tuntun àti èyí tí mo pè ní ògbólógbòó kò lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ka iye kan náà bí ó bá jẹ́ pé ara ọ̀pá ni àìsàn wà. Mo ṣí ìwé mi sẹ́yìn, mo sì ka ohun tí ẹ̀gbọ́n mi wí ní ọjọ́ àkọ́kọ́: ìdájí ń ràn, ìrọ̀lẹ́ kì í ràn. Kí ni ó yàtọ̀ láàárín ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ní Kubwa? Gáàsì kan náà ni, ọ̀pá kan náà ni. Iná ìjọba ni kò rí bákan náà. Ní ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo ènìyàn ti tibi iṣẹ́ dé, tí fáànù, fíríìjì àti áyọ́ọ̀nù gbogbo àdúgbò jọ ń fa iná láti ojú kan, iná náà a rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ìdí rẹ̀ fún mi láìmọ orúkọ rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pá ni mo lọ rà.

Mo sùn sílé rẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Ní aago méje ààbọ̀ alẹ́, iná ìjọba ka fóòtì 172 (fóòtì ni a fi ń wọn agbára tí ń ti iná), dípò 230 tí ó yẹ kí ó jẹ́. Ní aago mẹ́wàá ó ti di 194. Ní aago méjì òru ó jẹ́ 221, nígbà tí ó sì di aago márùn-ún ìdájí, 228. Ààrò Amẹ́ríkà sì nìyí, fóòtì 120 ni wọ́n kọ́ ọ fún, nítorí náà tiransifọ́mà kékeré kan ni ó wà láàárín rẹ̀ àti ògiri, tí ó ń pín iná sí méjì. Ara rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kò gbọdọ̀ kọjá wọ́ọ̀tì 300. Ọ̀pá yìí nìkan, bí ó bá ń ṣiṣẹ́ bí ó ṣe yẹ, ń gba nǹkan bíi wọ́ọ̀tì 400. Mo wọn ẹnu tiransifọ́mà náà ní ìdájí tí iná ìjọba dára: fóòtì 115 nígbà tí ọ́fìnnì wà ní pípa, ṣùgbọ́n bí mo ti tan ọ́fìnnì, ó já sí 103. Áńpù 2.9. Ó ràn lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀, pẹ̀lú ìró "gbì" kan tí ó mi ilẹ̀kùn rẹ̀, nítorí pé fáàfù ṣí díẹ̀díẹ̀, gáàsì ti ń kó jọ kí ọ̀pá tó gbóná tó láti ràn án. Mo fọwọ́ kan tiransifọ́mà náà, n kò lè gbé ọwọ́ lé e pẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ tí iná ìjọba jẹ́ 172, fóòtì 79 péré ni ó ń dé ọ̀dọ̀ ọ̀pá bí ọ́fìnnì bá wà ní títàn.

Ọ̀rọ̀ kéèkì tí ń rì wá yé mi pẹ̀lú. Kì í ṣe ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni ọ̀pá yìí ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ìgbà tí gáàsì bá ń jó ni iná mànàmáná gbọ́dọ̀ máa gba inú rẹ̀, kí fáàfù lè wà ní ṣíṣí. Bí ooru bá ti tó, méjèèjì a pa, bí ooru bá sì ti dínkù, méjèèjì a tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá gbé kéèkì sínú ọ́fìnnì ní aago mẹ́rin ọ̀sán tí iná ṣì dára díẹ̀, yóò ràn. Nígbà tí ó bá fi di aago márùn-ún kọjá tí àdúgbò ń padà sílé, ọ̀pá kò ní lè ṣí fáàfù nígbà tí ó bá tún kàn án, ooru yóò sì máa lọ sílẹ̀ kí àárín kéèkì tó dì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun fi ìyẹ̀fun tàbí ẹyin ṣàṣìṣe. Ó dùn mí gan-an láti gbọ́ iye kéèkì tí ó ti fún àwọn ọmọ àdúgbò jẹ lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Mo ra tiransifọ́mà wọ́ọ̀tì 1000, mo sì fi sítébíláísà kan síwájú rẹ̀ tí ó lè gba iná láti fóòtì 140 kí ó sì gbé e padà sí bí 230. Níbi tiransifọ́mà àtijọ́, wáyà ilẹ̀ kò so mọ́ ibìkan kan, nítorí náà ara irin ààrò náà kò ní ààbò. Mo rí i dájú pé èyí tuntun ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, mo sì fi mítà tẹ̀lé wáyà ilẹ̀ láti ara ààrò dé ara ògiri. Àpótí tí ń ṣẹ́ná fún ojú iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jàǹfààní èyí pẹ̀lú, nítorí pé ara irin ààrò ni ẹ̀ta iná ń gbà padà sílé.

Ní aago méje ààbọ̀ alẹ́, ojú iná ìjọba ka 176. Lẹ́yìn sítébíláísà, 228. Ní ẹnu tiransifọ́mà pẹ̀lú ọ́fìnnì ní títàn, 116. Áńpù 3.3. Iná ràn lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 48, jẹ́jẹ́, láìsí ìró kankan. Ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́, ó sì ní kí n pa á kí n tún tàn án kí òun lè rí i dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a tàn án. Mo tún gbé ọ̀pá àtijọ́ padà síbẹ̀ láti wò ó: áńpù 3.2. Kò gbó rárá. Èyí tuntun ni mo fi sílẹ̀ nínú ọ́fìnnì, mo sì fi aṣọ dì èyí àtijọ́ sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Fáàfù tí wọ́n ti gba owó rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Irú fáàfù yìí ni àwọn kan ń so mọ́ iná tààrà láti fi dán an wò. Kò yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé fóòtì mẹ́ta sí mẹ́rin péré ni a ṣe é fún, fóòtì 120 yóò sì bà á jẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ìyókù

Mo gbé ẹ̀rọ tí ń wọn ooru sí àárín ọ́fìnnì, lórí irin kejì. Nọ́ńbà 350 tí ó wà lára ọwọ́ ìyíná jẹ́ ti Fahrenheit, ó sì dọ́gba pẹ̀lú nǹkan bíi 177 ní ti Celsius tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń ka ìlànà kéèkì rẹ̀. Fún wákàtí kan, ooru náà ń lọ láàárín 166 àti 187, ó ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀, bí ti gbogbo ọ́fìnnì oníru rẹ̀. Róbà etí ilẹ̀kùn ti ya ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, ooru sì ń gba ibẹ̀ sá. Mo tún un so mọ́ ìkọ́ rẹ̀, yóò ṣiṣẹ́ títí a ó fi rí òmíràn.

Ohun kan tún kù tí n kò wá rárá tí mo sì rí. Aago tí ó wà lójú ààrò ń falẹ̀. Iná mànàmáná Amẹ́ríkà ń yí ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ń yí ní ìgbà 50, aago yìí sì ń fi yíyí iná náà ka àkókò. Tiransifọ́mà kò lè yí èyí padà. Bí wákàtí kan bá ti kọjá, ìṣẹ́jú 50 ni aago náà yóò kà. Kéèkì tí ẹ̀gbọ́n mi bá fi ìṣẹ́jú 40 sí lójú aago yẹn, ìṣẹ́jú 48 ni ó ń lò nínú iná. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní, "Ìdí tí mo fi ń yọ ọ́ kí aago tó dún nìyẹn, mo rò pé ojú mi ni." Ojú rẹ̀ ló tọ́. Ó ti ń fi fóònù rẹ̀ ka àkókò báyìí.

Mo lẹ ìwé kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítébíláísà, mo sì bẹ̀ ẹ́ kí ó máa kọ nọ́ńbà tí ó bá rí lójú rẹ̀ àti ìṣẹ́jú àáyá tí ọ́fìnnì fi ràn sílẹ̀ kí ó tó gbé ohunkóhun wọlé, àti pé bí nọ́ńbà àkọ́kọ́ bá dára tí èkejì sì kọjá 90, kí ó pè mí, nítorí pé nígbà náà ni ọ̀pá yóò tó ti gbó lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá. Èyí tí ó kọ kẹ́yìn, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, nìyí: iná ìjọba 169, sítébíláísà 227, ìṣẹ́jú àáyá 51, kéèkì mẹ́rin fún ìgbéyàwó ní Gwarinpa, gbogbo wọn dúró.